Gbèsè Owó-Orí àti Ọwọ́ Tí Ń Gbà Á

Kútúbà ọjọ́ Jímọ̀ láti ẹnu Igbákejì Lẹ́mọ́mù, Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ń bẹ fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ohun tí ọwọ́ gbà àti ohun tí ọwọ́ fi pamọ́ kò pamọ́ fún. A ń tọrọ ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ fún Ànábì wa Muhammad, fún àwọn ará ilé rẹ̀, fún àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ara wa ni a kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún kí a tó kìlọ̀ fún yín: ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọkùnrin kan tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlú yìí dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò agbádá rẹ̀. Ìwé láti ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó-orí fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, gbèsè ọdún mélòó kan ni ó sì wà nínú rẹ̀. Kò bi wá léèrè ohun tí Ọlọ́hun sọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó sọ ni pé, "Àlùfáà, ṣé ẹ kò ní ọmọ kéwú yín kankan tí ń ṣiṣẹ́ ní Abéré, tí yóò bá wa sọ owó yìí di kékeré?"

A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì yọ̀ǹda pé kí a fi ọ̀rọ̀ òun ṣe ẹ̀kọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí a sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó dá wa lójú pé nínú àwọn sáfù tí ẹ jókòó sí yìí, òun nìkan kọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan kọ́ sì ni ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé gbèsè tí ènìyàn jẹ ìyálọ́jà ni gbèsè, àti pé èyí tí ènìyàn jẹ ìjọba kò kan Ọlọ́hun.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí gbèsè ti wúwo tó. Jábìr ọmọ Abdullah sọ ìtàn rẹ̀ pé wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní dínárì méjì ni. Ó yí ẹsẹ̀ padà. Ìgbà tí Abu Qatada gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀ ni ó tó kírun sí i. Ní ọjọ́ kejì ó bi Abu Qatada léèrè ohun tí ó ti ṣe sí dínárì méjì náà. Abu Qatada dáhùn pé àná ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìgbà tí ó san án tán ni Ànábì tó sọ pé nísinsìnyí ni ara tu òkú náà. Dínárì méjì péré, ẹ̀yin ará wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé gbèsè tí ènìyàn yá lọ́wọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ ni ìyẹn, pé owó-orí yàtọ̀, pé sàká nìkan ni Ọlọ́hun bù lé Mùsùlùmí. A kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n ti jiyàn lórí rẹ̀ ṣáájú wa. Ìlànà Imaamu Malik ni àwa ń tẹ̀ lé láti ìgbà àwọn baba wa. Nínú ìlànà yìí kan náà, ní Granada nílẹ̀ Andalus, ní ohun tí ó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, odi ìlú ń fẹ́ àtúnṣe, agbára àpò ìjọba kò sì ká a. Abu Ishaq al-Shatibi, tí ó kú ní ọdún 1388, ní ó tọ́ kí a bù ú lé àwọn ará ìlú. Ibn Lubb, tí í ṣe olùkọ́ rẹ̀, kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó ní ó tọ́ pàápàá fi òté dè é: kí ó jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú kò lè ṣe aláìní, kí àpò ìjọba má lè dá a gbé, kí a má bù ju agbára ẹnikẹ́ni lọ, kí a sì ná owó náà síbi tí a wí. Níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, gbogbo wa ni a mọ̀ pé Sheikh Usman ọmọ Fodio bá àwọn ọba Hausa wí gidigidi lórí owó tí wọ́n ń fi agbára gbà lọ́wọ́ àwọn tálákà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní owó tí aláṣẹ ń gbà lè di ìwà àbòsí kò parọ́. Ó lè di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ayé òde òní dúró lé ni pé owó tí òfin gbé kalẹ̀ fún ọ̀nà, ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti omi, tí a kò bù ju agbára lọ, ó di dandan láti san, ó sì di gbèsè lọ́rùn ẹni tí kò san án. Ibẹ̀ ni àwa náà dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ilé. Ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí Ẹdẹ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Àwọn baba wa tí wọ́n rí ọjọ́ náà kì í sọ ìtàn rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kì í ṣe iye owó nìkan ni ó bí àwọn ènìyàn nínú. Àwọn agbowó ń wọ oko, wọ́n ń wọ ilé, wọ́n ń dójú ti baba lójú ọmọ, wọ́n sì ń gba owó tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀mí ṣòfò, Ọba Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú àwọn tí wọ́n pa ní ọdún 1969. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀, owó náà sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni èyí: àwọn àgbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ìbínú wọn, kò sọ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè. Wọ́n dárúkọ iye tí agbára wọn ká. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí ó ń sọ ní gbangba pé owó yìí pọ̀ jù fún mi, àti ẹni tí ó ń wá ọmọ kéwú tí yóò bá a yí ìwé nínú yàrá.

Ọ̀nà kò dára, ẹ̀yin náà ń sọ ọ́, a sì ń sọ ọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí a fi owó ìlú ṣọ́ ti jẹ ẹ́. Wọn yóò dáhùn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ànábì wa ti sọ fún àwọn sàhábé rẹ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí wọn yóò rí ohun tí wọn kò fẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ; ó ní kí wọ́n fún àwọn aláṣẹ ní ẹ̀tọ́ wọn, kí wọ́n sì máa bèèrè ẹ̀tọ́ tiwọn lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ náà pẹ̀lú, kò sí ẹni tí ó dí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n olè tí ẹlòmíràn jà kò sọ gbèsè tiwa di òfo.

Ẹ padà pẹ̀lú wa sọ́dọ̀ onílé-ẹ̀kọ́ wa. A kò mọ ohun tí ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí tí a fi jókòó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó lé ní ìdajì gbèsè náà tí kì í ṣe owó-orí tirẹ̀ rárá. Owó tí ó yọ nínú owó-oṣù àwọn tíṣà rẹ̀ ni. Bí oṣù bá parí, yóò yọ ọ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé owó-oṣù wọn, àwọn tíṣà yóò rí i pé a yọ ọ́, wọn yóò sì gbà pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Òfin ní kí ó ti dé ibẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá. Kò dé ibì kankan. Ó fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó fi kan òrùlé tí ìjì ṣí, ó sì fi díẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tirẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ dá a padà ni." A gbà pé ó fẹ́ dá a padà. Ọdún sì yí lé ọdún.

Nígbà náà ni ó sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn tíṣà náà lọ gba ìwé ẹ̀rí owó-orí, nítorí ó fẹ́ ṣe ìwé ilẹ̀ kékeré kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ rà. Ẹ mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí yìí ń fi ohun tí ènìyàn san ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Wọ́n wo ìwé, wọn kò bá ohunkóhun. Ọkùnrin tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ loṣooṣù dúró níwájú tábìlì bí ẹni tí kò san owó-orí rí. Ó padà wá, ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè, ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, iyàn al-Shatibi àti Ibn Lubb kò sí nínú èyí. Bí owó-orí bá tọ́ tàbí kò tọ́, owó tí ènìyàn yọ nínú òógùn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ bá a fi jíṣẹ́, àmáánà ni. Nínú Suratun-Nisa, aaya 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a dá àmáánà padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó ná an ti jẹ ẹ̀tọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ ìlú, ó sì fi irọ́ bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́, ilé búrẹ́dì, ilé epo, ilé ìwòsàn aládàáni, tí ẹ ń yọ owó yìí, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ ṣí ìwé yín wò.

Ọ̀nà àbáyọ kò pamọ́. Ẹni tí ìwé gbèsè bá dé bá, kí ó má fi sábẹ́ ìbùsùn. Bí ènìyàn kò bá fi ìwé ìṣirò owó tí ó wọlé fún un ránṣẹ́, àwọn agbowó-orí a máa fi ojú ara wọn díwọ̀n rẹ̀, ìdíwọ̀n wọn sì lè pọ̀ ju òótọ́ lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún ọ láti kọ̀wé takò ó, pẹ̀lú ìwé ọjà rẹ àti ìwé báńkì rẹ. Ọ̀pọ̀ wa ń lo ọgbọ̀n ọjọ́ yìí láti fi wá ẹni tí ó mọ ẹnìkan. Bí o bá mọ̀ pé òótọ́ ni gbèsè náà, tí agbára kò sì gbé e lẹ́ẹ̀kan, lọ fúnra rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé pé o fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀, sọ iye tí o lè san lóṣù, kí o má sì sọ iye tí o mọ̀ pé o kò ní lè mú ṣẹ. Inú àpò báńkì ìjọba ni kí o san án sí. Má ṣe kà á sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ẹni náà ṣe àdúrà fún ọ tó. Tọ́jú rìsíìtì rẹ. Nínú Suratul-Baqara, aaya 282, Ọlọ́hun sọ fún wa pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní bẹ̀rù ìdíwọ̀n ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó-orí kankan, ẹni tí ó sì ń gba owó-oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ata, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Òfin yìí dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ pẹ̀lú, tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí agbowó-orí bá rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n kò pa gbèsè àtẹ̀yìnwá rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àti pé, nítorí ìbéèrè tí ó ń wá lemọ́lemọ́: owó-orí kì í rọ́pò sàká. Ẹni tí ó san ti ìjọba ṣì jẹ tálákà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ti àwọn tí ń na okùn sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gba owó láìní rìsíìtì, oníbodè tí kò ní ọba ni wọ́n. Láti ọdún 1998 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dí ọ̀nà nítorí àtigba owó-orí. Àwọn yẹn kò ní gbèsè lọ́rùn yín.

Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ọkùnrin náà wá bá wa fún, nítorí òun gan-an ni, bí ó tilẹ̀ pè é ní ìrànlọ́wọ́: Ànábì wa ṣẹ́ èpè fún ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á. Bí akọ̀wé kan bá gba ẹ̀gúnjẹ tí ó sọ gbèsè rẹ di ìlàjì, ìlàjì kejì ṣì wà lọ́rùn rẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ìwọ àti akọ̀wé náà ni ẹ wá jọ jẹ ẹ́.

A yíjú sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a mọ̀ pé ẹ wà láàárín wa. Ànábì rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya lọ gba sàká ní ọ̀dọ̀ àwọn Banu Sulaym. Nígbà tí ó dé, ó pín ẹrù sí ọ̀nà méjì, ó ní èyí ni tiyín, èyí sì ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ànábì gun mímbárì, inú rẹ̀ kò dùn, ó bi àwọn ènìyàn léèrè pé kí ló dé tí ọkùnrin náà kò jókòó sílé baba rẹ̀ tàbí sílé ìyá rẹ̀ kí ó wò ó bóyá ọrẹ yóò wá bá a níbẹ̀. Ó ní ohun tí ènìyàn bá mú báyìí, ọrùn ni yóò fi gbé e wá lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ìbáà ṣe ràkúnmí tí ń ké, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe àgùntàn. Hadiisi yìí wà nínú Bukhari àti Muslim. Ẹ wo àgbò Iléyá tí oníṣòwò kan fà wá sílé yín lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ kò bá jókòó sórí àga yẹn, ṣé yóò mọ ọ̀nà ilé yín? Ẹ sì rántí pé nígbà tí Ànábì rán Muadh lọ sí Yemen, ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe ṣa èyí tí ó dára jù nínú dúkìá àwọn ènìyàn, kí ó sì ṣọ́ra fún ẹkún ẹni tí a ṣàbòsí sí, nítorí gàgá kò sí láàárín ẹkún náà àti Ọlọ́hun. Bí onígbèsè bá dúró níwájú yín tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò, tí ẹ sì rí i pé kò ní, Suratul-Baqara, aaya 280, ti sọ ohun tí a ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin fún yín láyè láti gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ má ta àyè náà.

Ìyá kan wá bá wa ní oṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́ gbà ní ilé-iṣẹ́ agbowó-orí, ìyá ní òun kò gbà, nítorí òun gbọ́ lẹ́nu oníwáàsí pé agbowó-orí kì í wọ Àlùjánnà. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà ti wà nílé lẹ́yìn tí ó jáde ní Pólì. Ìyá yìí ń sunkún, a kò sì fi ojú kékeré wo ẹkún rẹ̀, nítorí ó sàn ju ti ẹni tí ń jó pé ọmọ òun dé ibi owó. Ohun tí a sọ fún un ni pé, ẹni tí hadiisi yẹn ń bá wí ni oníbodè tí ń fi agbára gba ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ aláìlágbára. Ànábì Yusufu fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ọba Misra fi òun ṣe olùtọ́jú àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ náà, ọba tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun lè ṣọ́ ọ, òun sì mọ iṣẹ́ náà. Kí ọmọ náà lọ. Bí wọ́n bá ní kí ó kọ irọ́, kí ó kọ̀. Bí kíkọ̀ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó padà wálé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní òun yóò rò ó. Ó sì tún ń rò ó títí di òní, bí a ti gbọ́.

Onílé-ẹ̀kọ́ wa lọ sí Abéré fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n pín gbèsè náà sí oṣù méjìlá, ó sì ti san ti oṣù àkọ́kọ́. Ó fi rìsíìtì rẹ̀ hàn wá. Ohun tí kò tíì lè ṣe ni láti pe àwọn tíṣà rẹ̀ jọ kí ó sọ òótọ́ fún wọn, pàápàá tíṣà tí ó ń ṣe ìwé ilẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun. A ní kí ó pè wá bí ó bá fẹ́, a ó tẹ̀ lé e lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú yìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn arákùnrin méjì tí wọ́n mọ̀ nípa ìṣirò owó yóò jókòó lábẹ́ bàrándà mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí kò yé e, kí ó mú un wá. Wọn kò mọ ẹnikẹ́ni ní Abéré, wọn kò sì ní gba owó.

Ọlọ́hun, bá wa san gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa kí ikú tó dé. Fún àwọn tí ń gba owó ìlú ní ọkàn tí ó bẹ̀rù Rẹ. Fún àwọn tí ń ná an ní ìtìjú. Tọ́jú ìlú Ẹdẹ àti gbogbo ìlú Mùsùlùmí. Àmín. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí á to sáfù.